Mo Tilẹ̀kùn Mọ́ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ títí n ó fi sọ ọ́ tán. Láràárọ̀, bí mo bá ti wẹ̀ fún ọkọ mi tán, tí mo wọ aṣọ fún un, tí mo mú un jókòó síwájú ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ìyá ọkọ mi á jáde wá bá wa, wọ́n á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé mi lórí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Wọ́n á ní bí mo ṣe ń tọ́jú ọmọ àwọn, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ọjọ́ alẹ́ mi. Wọ́n á ní obìnrin mìíràn ì bá ti kó ẹrù rẹ̀, kó bá tirẹ̀ lọ. Èmi á kúnlẹ̀, èmi á máa ṣe àmín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè rí inú mi, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ata sí ojú egbò ni gbogbo àdúrà náà ń rí lára mi. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde. Aya rere ni gbogbo ẹbí ọkọ mi ń pè mí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé èmi aya rere yìí ni mo tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wọn nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́ lọ, tí mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, tí mo sì gbé kéèkì lọ fún oníbàárà.

Iṣẹ́ kéèkì, bọ́ńsì àti ṣinṣín ni mò ń ṣe. Challenge ni a ń gbé, àwa wà lápá kan ilé náà, Alájì onílé wa àti ìdílé wọn wà lápá kejì. Ọkọ mi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Olúyọ̀lé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ ẹ̀wù, á bá mi po ìyẹ̀fun, á sì máa fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé òun ni ọ̀gá, èmi ni ọmọ iṣẹ́. Àlébù kan ṣoṣo ló ní, ọtí ni. Bí ó bá sì ti mutí yó, kì í ṣe ẹni tí mo fẹ́ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ, ó ṣubú lu tábìlì tí wọ́n gbé oyin àti iyọ̀ sí, lójú bàbá mi, lójú pásítọ̀ wa. N kò lè gbàgbé bí àwọn ènìyàn ṣe ń wò mí lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ọkọ mi lọ́nà tó ṣàjèjì, ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń rù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló jáwọ́ nínú ọtí. Odidi ọdún méjì ni kò fi fẹnu kàn án. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ṣé ọkàn mi balẹ̀? Rárá o. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀ bí ó bá wọlé, bí ẹni pé mò ń kí i káàbọ̀ ni.

Àwọn dókítà ní kó má jẹ ṣúgà. Èmi ni mo wá sọ ara mi di ọlọ́pàá ṣúgà nínú ilé. Ẹ ó mọ̀ pé bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ kéèkì, ṣúgà ló kún ilé wa. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó sí yàrá kékeré tí a ń kẹ́rù sí, pẹ̀lú mílíìkì àti gbogbo ohun dídùn, mo sì ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Ọjọ́ kan ló ti ọsibítù dé tó sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì kan ṣàlàyé fún àwọn pé oògùn tí òun ń lò lè fa ṣúgà ara wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ bí òun bá lò ó tí òun kò jẹun. Ó ní wọ́n ní kí òun máa fi ṣúgà oníhóró díẹ̀ sápò, kí èmi náà sì tẹ̀lé òun wá nígbà mìíràn kí n lè gbọ́ àlàyé náà fúnra mi. Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní àwọn tó ní kó má jẹ ṣúgà ni wọ́n tún ní kó máa kó o sápò, mo ní kó wá ọgbọ́n mìíràn. Òun náà rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́. N kò tẹ̀lé e lọ rí. Ọjọ́rú ni wọ́n ń rí dókítà, Ọjọ́rú sì ni mo máa ń yan bọ́ńsì jù lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, Ṣọlá àti Dàpọ̀, ti lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá mi. Epo bẹntiróòlù ti di ohun àwátì nígboro ní àsìkò náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jókòó sílé, àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn. Mo ní kéèkì ńlá kan tí mo gbọ́dọ̀ gbé lọ fún oníbàárà mi ní Bódìjà lọ́jọ́ náà, láti òru ni mo ti ń bá a fà á. Ọkọ mi jí, ó lo oògùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, ó sì béèrè oúnjẹ. Mo ní kó ní sùúrù, àwọn sítóófù méjèèjì ni mo ń lò, bí mo bá ti yan èyí tó wà lórí iná tán, n ó bá a se ẹ̀wà. Kò bínú. Ó ní òun gbọ́ pé ibà dá Bàbá Kúnlé dúbúlẹ̀ ní Dùgbẹ̀, òun fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kí oúnjẹ tó jinná òun á ti dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe ni Bàbá Kúnlé, ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì wà. Mo gbọ́ tó ṣí géètì. N kò gbójú sókè láti wò ó, nítorí mo ń fá ẹyin tó dà sórí tábìlì.

Nígbà tí aago kan ọ̀sán ku díẹ̀, mo ti di kéèkì náà sínú páálí, takisí tí mo háyà ti dé sẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ náà sì ń fọn fèrè nítorí pé epo inú ọkọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi wọlé. Ó ń rìn tàgétàgé. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, òógùn ti bò ó bí ẹni tí òjò pa, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bi í pé kí ló dé, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, nípa bàtà kan tó sọnù nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ahọ́n rẹ̀ wúwo lẹ́nu. Ó fara gbá tábìlì, igbá ṣinṣín dà sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí mo ń kó ṣúgà sí, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú, ó ń mì ín.

Ó ní, “Ṣí i. Ṣí i fún mi.”

Mo rántí tábìlì oyin àti iyọ̀. Mo rántí ojú bàbá mi. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbóòórùn ẹnu rẹ̀ pàápàá, èmi tí mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ fún ọdún méjì. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, “ẹ” ni mo ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Mo ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, o tún ti padà sídìí rẹ̀, àbí?” Mo dì í mú lápá, mo wọ́ ọ lọ sí yàrá wa. Ó bá mi jà, ó tì mí, èyí tún mú kó dá mi lójú pé ọtí ni, nítorí bí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀, kì í fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀. Mo tì í sórí ibùsùn, mo jáde, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn láti ìta, kó má baà lọ dójú tì mí níwájú àwọn ará ilé Alájì. Mo gbọ́ tó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, kò le rárá, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé onílé. Mo ní kó sùn kí ojú rẹ̀ lè dá. Mo gbé kéèkì mi, mo lọ.

Ní Bódìjà, oníbàárà mi yin kéèkì náà gan-an, ó ní kí n jókòó jẹ ìrẹsì. Mo sì jókòó, mo jẹun, mo rẹ́rìn-ín. N kò yára láti lọ sílé, mo fẹ́ kí ó sùn pẹ́. Nígbà tí mo wá fẹ́ padà, n kò rí ọkọ̀, mo rìn, mo dúró, mo tún rìn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ti lù kí n tó délé. Ilé dákẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo fi èjìká tì í, ó ṣí díẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ara rẹ̀ ló dí ilẹ̀kùn. Ó ti rá wá sídìí ilẹ̀kùn náà, ibẹ̀ ló ṣubú sí. Mo fi agídí wọlé. Ẹ̀wù rẹ̀ tutù rinrin fún òógùn, ara rẹ̀ tutù, ó ń mí bí ẹni tó ń hanrun, ó ti tọ̀ sára. Mo pè é, kò dáhùn. Mo gbé imú mi lé ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí òórùn ọtí kankan níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tí mo fi rẹ́rìn-ín wá sí mi lọ́kàn. Mo sáré ṣí yàrá ṣúgà, mo da ṣúgà sínú mílíìkì, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i lẹ́nu. Kò gbé e mì. Ó kọ́ ọ lọ́fun, ó ń ṣe hòrò-hòrò, ètè rẹ̀ sì ń dúdú. Mo figbe ta. Alájì onílé wa sáré wọlé. Awakọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn aláìsàn ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, “Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kì í mu nǹkan. Àyà rẹ̀ lò ń dà á sí.” Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ká orúnkún rẹ̀, wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, mílíìkì ń dà jáde lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ nù ún. Mímí rẹ̀ tún padà já gaara. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé nígbà wo ló ti wà báyìí. Ẹ wo ibi tí ayé mi ti yí padà. Ó yẹ kí n sọ pé láti aago kan ọ̀sán. Ṣùgbọ́n mo ní n kò mọ̀, mo ní n kò sí nílé nígbà tó dé, pé kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí mo wọlé.

Ọkọ̀ ògbólógbòó Alájì ni a fi gbé e, pẹ̀lú epo tí wọ́n tọ́jú sínú kẹ́ẹ̀gì nítorí ọjọ́ ìṣòro. Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà kò jáfara. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́, wọ́n rí i pé ṣúgà ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, wọ́n sì fa omi ṣúgà sí i nínú iṣan. Dókítà náà bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ó wò mí lójú, ó ní kí n rántí dáadáa, ó ní ó ṣe pàtàkì. Alájì sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Irọ́ tí mo ti pa fún wọn ló so mí lẹ́nu. Mo ní bóyá kò ju wákàtí kan lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ mi fi sùn. Mílíìkì tí mo dà sí i lẹ́nu bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tó lajú, kì í ṣe ẹni tí mo fẹ́ ló lajú. Wọ́n ní ọpọlọ kò lè wà láìsí ṣúgà fún àkókò gígùn, kí ó má bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn rẹ̀ kò le sí mi rárá. Ó ní ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ara rẹ̀ bá ṣàdédé ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń rìn bí ọ̀mùtí, tó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń jà, kí a má bi í léèrè ohunkóhun. Bí ó bá ṣì lajú tó sì lè gbé nǹkan mì, kí a fún un ní ṣúgà lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe omi ṣúgà, ìbáà ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bí ara rẹ̀ bá sì ti padà sípò kí a fún un ní oúnjẹ gidi, kí a tún gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní bí a kò bá tilẹ̀ mọ̀ bóyá ṣúgà ló pọ̀ jù tàbí ló kéré jù, kí a fún un, nítorí èyí tó kéré ni í tètè pànìyàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, kí a má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí a dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí a sì máa sáré gbé e lọ. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ọ̀pọ̀ wọn á ti máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi fún ọkọ mi ní wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣúgà ló di mú nígbà tó dé. Ọpọlọ rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ mọ ohun tó ń fẹ́, èmi tí ojú mi wálẹ̀ ni n kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá ọkọ mi ti Ìsẹ́yìn dé, wọ́n kò sì padà lọ mọ́. Láti ìgbà náà, ọkọ mi lè jẹun, ó lè rìn díẹ̀ bí a bá dì í mú. Nígbà mìíràn ó mọ àwọn ọmọ rẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń rò pé àbúrò òun ni Dàpọ̀. Èmi, kò mọ̀ mí mọ́. Àǹtí ló ń pè mí.

Bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni irọ́ mi ń jẹ níyà ni, bóyá n ó gbé e lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Nítorí mo ní n kò sí nílé, àwọn ẹbí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ó ti wá. Wọ́n bi Bàbá Kúnlé. Ọkùnrin náà kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní ọkọ mi wá kí òun, pé àwọn rọ̀ ọ́ títí kó jẹun, kò jẹ, omi nìkan ló mu. Ó ní ọkọ mi sọ pé ìyàwó òun ń se ẹ̀wà de òun nílé, òun kò fẹ́ kí oúnjẹ náà ṣòfò. Ọkọ mi fẹsẹ̀ rìn láti Dùgbẹ̀ nínú oòrùn nítorí kò rí ọkọ̀. Omi tí Bàbá Kúnlé fún un yìí ni ẹbí dì mú. Wọ́n ní kí ló wà nínú omi náà? Wọ́n ní ṣé kì í ṣe pé Bàbá Kúnlé ń fojú sí ipò ọkọ mi? Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n fi Bàbá Kúnlé sí ipò náà lẹ́yìn ìgbà tí ọkọ mi kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyá lé e ní ẹnu ọ̀nà wa lójú mi. Ó kúnlẹ̀ fún wọn nínú yẹ̀pẹ̀, ọkùnrin tó ti ń hu ewú. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, n kò sọ nǹkan kan. Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé oògùn àti àìjẹun ló fà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní dókítà kò mọ àṣírí ayé.

Wọ́n ti wá pe ìpàdé ẹbí sí Ìsẹ́yìn ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Bàbá Kúnlé gbọ́dọ̀ wá búra lórí ibojì bàbá wọn, ọkùnrin náà sì ti gbà pé òun á wá. Alájì ló sọ fún mi pé Bàbá Kúnlé wá bá àwọn ní mọ́ṣáláṣí, pé ó ti rù, pé ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gbé ayé pẹ̀lú ẹ̀sùn náà mọ́. Alájì sọ ọ́ tán, wọ́n wá ń wò mí. N kò mọ ohun tí àwọn náà ń rò láti ìgbà yìí wá.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Lọ́sàn-án àná, ìyá sùn, àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí sítóófù títí dé irọ́ tí mo pa fún dókítà. Mo ń sunkún débi pé n kò ríran mọ́. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, kò bojú wo ibòmíràn. Nígbà tí mo dákẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ má sunkún mọ́. Ọkọ yín ò ní pẹ́ dé.”

N kò lè lo ọjọ́ kan sí i bẹ́ẹ̀. Mo ti pinnu pé n ó sọ̀rọ̀ kí Bàbá Kúnlé tó gbé ẹsẹ̀ lé ibojì náà. Ṣùgbọ́n ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra. Ṣé àwọn nìkan ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sọ fún, nínú yàrá, kí ọ̀rọ̀ náà má baà bá wọn lójijì láàárín èrò? Àbí kí n dìde lójú gbogbo ẹbí, níbi tí wọ́n ti ba ojú ọkùnrin náà jẹ́, kí ojú rẹ̀ lè mọ́ níbẹ̀ gan-an? Àwọn ọmọ mi ńkọ́, ta ni yóò sọ fún Ṣọlá, ọmọ tó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló fẹ́ràn jù láyé? Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.